Omi Kò Ní Awọ

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì àgbà mọ̀ bí ẹni mowó. Bí olùkọ́ bá ti béèrè pé kí ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ lè dùbúlẹ̀ sórí omi láìrì, gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ojú omi ń ṣe bí awọ tí a nà. Olùkọ́ á ní a gbà á, a ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ tó kàn. Èmi ò gbà á. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé omi kò ní awọ, pé gbólóhùn yẹn ti dá ìrònú ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, àti pé ohun èlò tí a lè fi rí bí ojú omi ti rí gan-an, ìyẹn kọ̀ǹpútà, wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi aṣọ bò ó bí òkú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ awọ náà. Àwa Yorùbá mọ awọ. Ẹni tó bá ti rí onígángan rí mọ̀ pé bí ó bá fún ọṣán ìlù mọ́ abẹ́ apá, awọ ojú ìlù á le sí i, ohùn rẹ̀ á sì ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohun tí awọ máa ń ṣe nìyẹn: bí a bá ṣe nà án tó ni ó ṣe ń le tó. Rọ́bà tí ìyá aláta fi ń di ẹnu ọ̀rá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé omi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá o. Agbára tí ojú omi fi ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, nígbà tí omi bá mọ́ tónítóní tí ooru rẹ̀ sì jẹ́ 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, jẹ́ nǹkan bí 72 millinewton fún mítà kọ̀ọ̀kan. Da omi náà sínú ife, 72 ni. Dà á sínú bàsíà kí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, 72 náà ni. Awọ wo ni a lè nà ní ìlọ́po mẹ́wàá tí kò ní le sí i, tí kò sì ní ya? Nígbà tí ojú omi bá fẹ̀, kì í ṣe àwọn mólékù tó ti wà lókè ni a nà. Àwọn mìíràn ló gòkè wá láti ìsàlẹ̀ wá dí àyè náà. Awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí a bá fẹ ojú ọjà, a kì í na àwọn oníṣòwò, àwọn mìíràn ló máa ń wá pàtẹ síbẹ̀.

Àwọn ìwé mìíràn gbìyànjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ya róbótó róbótó kéékèèké, wọ́n á sì fi ọfà sí wọn lára. Èyí tó wà láàárín omi ní ọfà yíká. Èyí tó wà lójú omi ní ọfà tó kọjú sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ nìkan, nítorí kò ní ẹlẹgbẹ́ lókè. Wọ́n á ní ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, ní ojú ewé tó ṣáájú, wọ́n ti kọ́ wa ní òfin Newton pé ohun tí agbára bá ń fà sí apá kan, tí kò sí ohun tó dá a dúró, yóò máa yára lọ sí apá náà ni. Bí mólékù ojú omi bá wá ń gba ìfà sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, kí ló dé tí gbogbo wọn kò rì? Kí ló dé tí omi ṣì ní ojú? Mo béèrè èyí ní kíláàsì. Ìdáhùn tí mo gbà ni pé kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì.

Ohun tí wọ́n gbàgbé láti yà síbẹ̀ ni ìrìn. Mólékù kì í dúró. Ẹ wo afẹ́fẹ́ tó yí wa ká: ilẹ̀ ayé ń fà á sísàlẹ̀ tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ kò sùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí iyanrìn, nítorí pé àwọn mólékù rẹ̀ kò yé sáré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ojú omi. Òótọ́ ni pé ìfà sísàlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí èyí ti ń rì ni òmíràn ń ta sókè láti ìsàlẹ̀, iye tó ń lọ àti iye tó ń bọ̀ sì dọ́gba. Àwòrán inú ìwé wa dà bí fọ́tò ọjà Ọ̀yìngbò. Gbogbo ènìyàn dúró sójú kan, ẹni tí kò dé ọjà rí lè rò pé ère ni wọ́n.

Kò sí fọ́tò tó lè fi ìrìn yìí hàn wá, kò sì sí ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ tó lè mú kí a fi ojú rí mólékù omi kan ṣoṣo. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọlé nìyí. Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí, èmi pè é ní àfarawé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pè é ní ìsínjẹ, mo kọ̀, nítorí pé ẹni tó ń sín ni jẹ ń fi ni ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fara wé ni fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe é.

Bí iṣẹ́ náà ti rí kò ṣòro láti sọ. Mólékù omi kọ̀ọ̀kan ní átọ́mù mẹ́ta, ọ́ksíjìn kan àti háídrójìn méjì. A ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún kọ̀ǹpútà. A ó fi àmì ìyọkúrò sí agbára iná tó wà lára ọ́ksíjìn, a ó fi àmì ìròpọ̀ sí ti háídrójìn, kí wọ́n lè máa fa ara wọn. Kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bí gbogbo wọn ti ń fa ara wọn àti bí wọ́n ti ń ti ara wọn, á lo òfin Newton tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, á sún ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú fún àkókò bíńtín, á sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lákọ̀tun. Àkókò bíńtín náà sábà máa ń jẹ́ femtosecond kan tàbí méjì. Femtosecond kéré débi pé mílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ń gbé ìṣísẹ̀ femtosecond kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò náà ní ìgbà mílíọ̀nù kan kí àfarawé wa tó pé nanosecond kan ṣoṣo, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Kí ẹ má bàa rò pé àsọdùn ni, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Mú mólékù omi 1000. Iye ọ̀nà tí a lè gbà mú wọn ní méjì méjì jẹ́ 499,500. Átọ́mù mẹ́ta ti èyí pẹ̀lú mẹ́ta ti ìyẹn jẹ́ ìṣirò mẹ́sàn-án, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4,495,500. Bí ẹni tó mọ ìṣirò jù ní kíláàsì wa bá ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, láìsùn, láìjẹun, yóò lo 520 ọjọ́ kó tó parí ìṣísẹ̀ kan. Femtosecond kan o! Àwọn onímọ̀ ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín iṣẹ́ náà kù, ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tó lè sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn.

Iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe tuntun. Ní 1957, Berni Alder àti Thomas Wainwright ní Amẹ́ríkà ti ṣe àfarawé àwọn róbótó líle tó ń kọlu ara wọn. Ní 1964, Aneesur Rahman, ọmọ Hyderabad ní Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Argonne ní Amẹ́ríkà, ṣe ti átọ́mù argon 864. Ní 1971, òun àti Frank Stillinger wá ṣe ti omi, mólékù 216 péré. Iye yẹn kò tó àwọn ọmọ tó ń tò sórí ìlà ní ilé ẹ̀kọ́ wa láàárọ̀. Fóònù tó wà nínú àpò olùkọ́ wa lágbára ju kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n lò nígbà náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ owó.

Láti ṣe ojú omi, a ó kó omi sí àárín àpótí gíga kan nínú kọ̀ǹpútà, a ó fi òkè àti ìsàlẹ̀ àpótí náà sílẹ̀ lófìfo. Omi á wá ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ògiri: mólékù tó bá gba ọ̀tún jáde á gba òsì wọlé padà, kí omi kékeré náà lè máa ṣe bí ẹni pé ó wà láàárín adágún tí kò lópin. Lẹ́yìn náà, a ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, a ó sì máa wò ó.

Ohun tí a óò rí kò jọ awọ rárá. Ojú omi tó tẹ́jú lójú wa yìí kún fún òkè àti kòtò tí kò ga ju mólékù kan tàbí méjì lọ, wọn kò sì dúró sójú kan. Láti inú omi dé inú afẹ́fẹ́ kò tó nanometre kan. Ìsopọ̀ háídrójìn tí mólékù kan fi di èkejì mú kì í sábà pẹ́ ju picosecond díẹ̀ lọ kó tó já, ẹni tó já sílẹ̀ á tún di ẹlòmíràn mú. Ó sì ń fò jáde! Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi gidi wà nínú ìkòkò tí a dé, ní 25 Celsius, tí oru rẹ̀ ti kún òkè ìkòkò. Tí a bá ṣọ́ àyè kan lójú omi náà tí òòró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ nanometre mẹ́ta, nǹkan bí mólékù kan ló ń fò jáde níbẹ̀ ní nanosecond kọ̀ọ̀kan, tí òmíràn sì ń ti inú oru wọlé. Bílíọ̀nù kan nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí àyè tí ojú kò lè rí. Àwọn àgbà ní Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Ojú omi náà kò mọ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti apá. Mólékù omi ní apá méjì, ìyẹn háídrójìn rẹ̀ méjèèjì, tó fi ń di àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Nínú omi, apá méjèèjì sábà máa ń rí ẹni dì mú. Ṣùgbọ́n lójú omi, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún àwọn mólékù tó wà lókè pátápátá tó na apá kan sínú afẹ́fẹ́ láìdi nǹkan kan mú, bí ọmọ tó na ọwọ́ ní kíláàsì tí olùkọ́ kò pè. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1993, Y. R. Shen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley tan ìmọ́lẹ̀ lésà sójú omi, wọ́n sì gbọ́ ohùn apá òfìfo náà lọ́tọ̀, nítorí pé apá tí kò di nǹkan mú ń gbọ̀n kíákíá ju èyí tó di nǹkan mú lọ. Àwọ̀n kò ní apá. Awọ náà kò ní.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń wí. Wọ́n ní géèmù ni. Wọ́n ní ohun tí a bá fi sínú kọ̀ǹpútà náà ni yóò bì jáde, nítorí náà kò lè kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ta ayò rí. Òfin ayò kò pọ̀: ihò 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí a máa tú wọn ká, kí a máa jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè kọ́ gbogbo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣé ẹni tó mọ òfin náà ti wá mọ bí ọ̀ta àti ọ̀pẹ yóò ṣe parí ayò? Òfin ni a fi síbẹ̀. Eré náà ló bí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí apá kan na sínú afẹ́fẹ́. A kàn sọ bí méjì ṣe ń fa ara wọn fún un ni. Àwọn yòókù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló fúnra wọn dá a sílẹ̀.

Bí èyí kò bá tó, ẹ gbọ́ ti iyọ̀. Láti 1934 tí Lars Onsager àti Nicholas Samaras ti ṣe ìṣirò wọn, ohun tí a gbà gbọ́ ni pé àwọn ohun tí iyọ̀ ń túká sí nínú omi kì í fẹ́ dé ojú omi, inú ni wọ́n máa ń sá wọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ń da ìwé kọ. Ní 2001, Pavel Jungwirth ní Prague àti Douglas Tobias ní California fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé omi oníyọ̀. Fluoride, tó kéré, sá wọ inú lóòótọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí. Ṣùgbọ́n bromide àti iodide, tó tóbi, tí agbára iná inú wọn sì rọrùn láti tẹ̀ sí apá kan, ń gòkè wá sójú omi. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan tan ìtànṣán X sójú omi oníyọ̀ gidi, wọ́n sì rí i pé bromide àti iodide pọ̀ lójú rẹ̀ ju inú lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí, nítorí pé òkun ń fọ́n omi oníyọ̀ wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìgbà, ojú àwọn ẹ̀kán omi wọ̀nyẹn sì ni wọ́n ti ń bá àwọn ohun inú afẹ́fẹ́ bí ozone pàdé. Ṣé géèmù ló ṣe ìyẹn?

Èmi kò sì sọ pé kí a sọ kọ̀ǹpútà di òrìṣà. A kì í bi í bí ẹni ń bi Ifá. Oríṣiríṣi àpẹẹrẹ omi ni àwọn onímọ̀ ti dá fún àfarawé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí Carlos Vega àti Enrique de Miguel ní Sípéènì wọn agbára ìfà ojú wọn ní 2007, TIP3P fún wọn ní nǹkan bí 52, SPC/E fún wọn ní nǹkan bí 64, TIP4P/2005 sì fún wọn ní nǹkan bí 69. Omi gidi wà ní nǹkan bí 72. Mẹ́ta lórúkọ omi, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ omi. Kódà SPC/E ṣí apá mólékù sílẹ̀ ní 109.47 dígírì, nígbà tí ti omi gidi jẹ́ 104.5. Ìyẹn gan-an ló mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí: ó gbé irọ́ rẹ̀ jáde síta pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni lè wọ̀n ọ́n kó sì bá a wí. Nọ́ńbà wo ni a fẹ́ fi bá "bí awọ tí a nà" wí? Àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ń jiyàn títí di òní lórí bóyá ojú omi kan ju inú rẹ̀ lọ. Ní 2007, Victoria Buch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó kan. Àwọn tó ń wo bí róbótó afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn nínú omi ní òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Ìjà ńlá wà lórí omi inú ife, a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ ní kíláàsì.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn wá, awọ ni o, ọjà ni o. Ó kàn wá. Ẹ wo tanwíjí inú àgbá omi ẹ̀yìnkùlé. Ojú omi ló rọ̀ mọ́ láti mí. Bí a bá da ọṣẹ tàbí epo síbẹ̀, kò ní lè dúró níbẹ̀ mọ́, á sì kú kó tó di ẹ̀fọn. Ọmọ tí a fi awọ kọ́ á ní ọṣẹ ti ya awọ náà. Bí ọṣẹ bá ya á, báwo ló ṣe jẹ́ pé omi ọṣẹ yẹn kan náà ni àwọn ọmọdé ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fẹ́ di róbótó tó ń fò lọ nínú afẹ́fẹ́? Ohun tó ya kì í ṣeé fẹ́. Nǹkan kan kò ya. Mólékù ọṣẹ ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù tó kórìíra rẹ̀, ojú omi sì jẹ́ ibi tí àwọn méjèèjì ti lè rí ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á kún ibẹ̀, agbára ìfà á sì dín kù sí ìdajì tàbí kó má tó ìdajì. Nínú àfarawé, a lè rí i bí wọ́n ṣe ń to orí sínú omi tí wọ́n na ìrù sókè.

Ẹ tún wo inú ẹ̀dọ̀fóró tiwa. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ní omi fẹ́lẹ́ lára, omi yẹn sì ń fa ara rẹ̀ mọ́ra bí omi yòókù, ó fẹ́ pa àpò náà dé. Ara ènìyàn máa ń pèsè ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ láti dín ìfà náà kù. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé lè má tíì ní in tó. Mary Ellen Avery àti Jere Mead ló ṣàlàyé èyí ní 1959, ní Amẹ́ríkà. Ní 1963, ọmọ Ààrẹ Kennedy, Patrick, tí a bí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún àbọ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kú nígbà tí kò tíì pé ọjọ́ méjì láyé. Ní 1980, Tetsuro Fujiwara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ròyìn bí wọ́n ṣe fún ọmọ mẹ́wàá ní irú ohun bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mú láti inú ẹ̀dọ̀fóró màlúù, tí mímí wọn sì dára sí i. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń fi àfarawé wo bí àwọn mólékù yẹn ṣe ń tò sí ojú omi inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ojú omi kò kan ọmọ ènìyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó tí mo ní kí ẹ rántí. Wọ́n á ní ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní àga tó, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, kí ló fẹ́ fi àfarawé mólékù ṣe? Mo gbà pé kí wọ́n kan òrùlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òrùlé ló ń fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, kọ̀ǹpútà 20 wà nínú yàrá tí a tì pa, wọ́n ń ṣí i nígbà tí àlejò láti ọ́fíìsì bá ń bọ̀, wọn a sì tún tì í padà kí a má bàa bà wọ́n jẹ́. Ṣé ohun tí a kò lò kò bàjẹ́? GROMACS, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Groningen ní Netherlands, ọ̀fẹ́ ni. LAMMPS náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì gbé GROMACS sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ tó ti gbó, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kó mólékù omi 1000 sínú àpótí, a sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ náà, bátìrì sì kú. Kò pa wá lára. Ètò náà ń tọ́jú ibi tó bá iṣẹ́ dé láti ìgbà dé ìgbà, nígbà tí iná padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Agbára ìfà tó jáde fún wa kò jìnnà sí 60. Kì í ṣe 72, a sì mọ ìdí rẹ̀: SPC/E ni a lò, mo ti sọ bó ṣe ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ lóru, kí olùkọ́ fi han gbogbo kíláàsì lára ògiri lọ́jọ́ kejì, ó ti tó. Owó epo jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń jó nítorí àlejò ọ́fíìsì pọ̀ ju èyí lọ.

Èyí tó le jù láti borí ni pé olùkọ́ á ní ohun tí ìdánwò bá béèrè ni òun ń kọ́, òótọ́ sì ni. Kò sí olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ọjà àti apá òfìfo kó wá gba òdo, nígbà tí ẹni tó kọ "bí awọ tí a nà" gba máàkì pé. Nítorí náà, èmi kò bá àwọn olùkọ́ jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdánwò ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè yín kò gba ìrònú, ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ ló ń dáhùn rẹ̀. Ẹ bi wá báyìí lọ́dún tó ń bọ̀:

Ọmọbìnrin kan da omi inú ife sínú bàsíà, ojú omi náà sì fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá. (a) Bí ojú omi bá jẹ́ awọ, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí agbára ìfà rẹ̀? (b) Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i gan-an? (d) Ṣàlàyé ohun tí àwọn mólékù omi ń ṣe nígbà náà, kí o sì fi àwòrán méjì tó tẹ̀ lé ara wọn hàn án. Máàkì 10.